Kì í ṣe gbogbo funfun orí ẹ̀dọ̀fóóró ni ikọ́ ẹ̀gbẹ

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́: "Nọ́ọ̀sì, èémí mi ò délẹ̀." Ibùdó dayálísíìsì kan nílùú Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti dákẹ́. Tí aláìsàn bá ti sọ bẹ́ẹ̀, omi la máa ń kọ́kọ́ fura sí, torí ẹni tí kì í tọ̀ mọ́, inú ara rẹ̀ ni gbogbo omi tó bá mu ń gbé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n gun ìwọ̀n kí wọ́n tó jókòó. A ó yọ omi náà, ẹsẹ̀ tó wú á fà, aláìsàn á lè na gbalaja láìfi ìrọ̀rí mẹ́ta tì í lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tán.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí omi á jáde tán, ẹsẹ̀ á fà, ìfúnpá á wálẹ̀, síbẹ̀ èémí ò ní délẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí, torí ohun tó ń ṣe díẹ̀ nínú wọn kì í ṣe omi, kì í ṣe ọkàn, kì í sì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ tí gbogbo èèyàn máa ń sáré dárúkọ. Ẹfun ni. Kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì, èròjà méjì tó wà nínú oúnjẹ àti egungun wa, ló so pọ̀, tó dì, tó lọ lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóóró wọn. Ẹ wo ìdí kẹ́tùlù tí wọ́n ti ń fi omi bóhò sè láti oṣù mélòó kan: ẹfun gbígbẹ kan á ti lẹ̀ mọ́ ọn, èékánná ò ní lè ha á kúrò. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ náà ni, àfi pé kò sẹ́ni tó lè ki kànrìnkàn bọ ẹ̀dọ̀fóóró.

Ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ní Bàbá Tíṣà. Orúkọ wọn kọ́ nìyẹn, àmọ́ tíṣà ni wọ́n lóòótọ́. Ìṣirò ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbà kí n kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ mí ni pé kí n má kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ti kú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba kíndìnrín wọn jẹ́. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ibòmíràn ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tí owó ìfẹ̀yìntì bá sì pẹ́ kó tó wọlé, ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá. Wọ́n gbé fáìlì nínípọn kan wá, inú rẹ̀ la ti rí i pé oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n ń lò lọ́wọ́.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Bàbá ń húkọ́, ikọ́ náà ò lọ. Bàbá ń rù. Wọ́n ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà, fọ́tò sì fi nǹkan funfun hàn lókè ẹ̀dọ̀fóóró méjèèjì. Ní Nàìjíríà, tí mẹ́ta yẹn bá pàdé lára ẹnì kan, kò sí dókítà tí kò ní dárúkọ ikọ́ ẹ̀gbẹ, mi ò sì bínú sí ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Àwọn tí kíndìnrín wọn ti dákẹ́ ń kó ikọ́ ẹ̀gbẹ ju àwọn ẹlòmíràn lọ, torí agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà ti dín kù. Ohun tó dùn mí ni pé ilé ìwòsàn yẹn, tí mi ò ní dárúkọ, yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò nínú ẹ̀rọ GeneXpert, ẹ̀rọ ò rí kòkòrò kankan, síbẹ̀ wọ́n ní kí Bàbá ṣáà máa gbé oògùn náà mì. Kò sẹ́ni tó wo fọ́sífétì wọn. Nínú gbogbo fáìlì nínípọn yẹn, èsì fọ́sífétì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́.

Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í sì í ṣe ohun tí a ń sọ pé "tí ò bá ṣoore, kò lè ṣèkà" fún onídayálísíìsì. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń lò ó, ó kéré tán. Ethambutol tó wà nínú rẹ̀, kíndìnrín ló ń gbé e jáde. Tí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́, tí wọn ò sì dín in kù, ó lè gbára jọ kó sì ba ojú jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí a bá fọ ẹ̀jẹ̀ tán, ló yẹ kí ẹni bẹ́ẹ̀ máa lò ó. Ojoojúmọ́ ni Bàbá Tíṣà ń lò ó bí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé. Oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu wọn mọ́, èyí tó tún ń fi kún rírù tí wọ́n torí rẹ̀ fún wọn ní oògùn.

Kí n sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: mi ò ní kí ẹnikẹ́ni torí ohun tí mo kọ da oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nù. Ọwọ́ dókítà ni ìyẹn wà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọn ò tọ́jú ń pa èèyàn, ó sì ń ràn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ẹfun ṣe ń dénú ẹ̀dọ̀fóóró, nítorí ibi tí àlàyé ti máa ń já nìyí láàrin àwa àti àwọn aláìsàn. A máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣọ́ omi, kí wọ́n ṣọ́ iyọ̀, kí wọ́n má jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn púpọ̀. Tó bá wá kan fọ́sífétì, a ó dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó sì kọjá lọ.

Kíndìnrín ló ń da fọ́sífétì tó bá pọ̀ jù lára wa sínú ìtọ̀. Òun náà ló ń parí iṣẹ́ lórí fítámì D kí ara tó lè fi í gba kálísíọ̀mù látinú oúnjẹ. Tó bá dákẹ́, fọ́sífétì á pọ̀ lẹ́jẹ̀, kálísíọ̀mù á lọ sílẹ̀. Kókó kéékèèké mẹ́rin wà lọ́rùn wa, lẹ́yìn táírọ́ìdì, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣọ́ kálísíọ̀mù. Bí wọ́n bá ti rí i pé ó lọ sílẹ̀, họ́mónù kan tí à ń pè ní PTH ni wọ́n á tú jáde, òun á sì lọ máa họ kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì jáde nínú egungun. Lára ẹni tó pé, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti lọ, kò sẹ́ni tó máa sọ fún kókó wọ̀nyẹn pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n á máa tóbi sí i, egungun á máa fúyẹ́, ohun tó jáde nínú egungun á sì máa wá ibi tó máa bà sí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń gbà á. Ó ń lọ sí fáfù ọkàn, ó ń lọ sí awọ, ó ń lọ sí ẹyinjú títí ojú á fi pọ́n, ó sì ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóóró.

Kì í ṣe àìsàn àná. Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ dayálísíìsì níbi kankan láyé. Nígbà tí ẹ̀rọ wá dé, tí àwọn tí ì bá ti kú láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọdún, ẹfun náà rí àyè. Nígbà tí àwọn dókítà ń la òkú àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ láti yẹ̀ wọ́n wò, iye tí ìwé wa máa ń sọ pé wọ́n bá a nínú ẹ̀dọ̀fóóró wọn jẹ́ 60 sí 75 nínú 100. Púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀ nígbà ayé wọn, torí kì í sábà fa ìnira. Àwọn díẹ̀ ni ìnira rẹ̀ ń hàn lára wọn: ikọ́ gbígbẹ, èémí tí kò tó tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn. Àwọn tí kò wọ́pọ̀ rárá, ó lè yára débi tí èémí á fi dá lórí wọn.

Ìbéèrè tí Bàbá Tíṣà bi dókítà wa nípa rẹ̀ nìyí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ torí kò sẹ́ni tó bi í rí lójú mi: "Dókítà, kí ló dé tó fi jẹ́ òkè? Tí ẹfun bá wúwo, ṣebí ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wà."

Dókítà wa, obìnrin tí kì í kánjú, fa àga, wọ́n jókòó tì í. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ wíwúwo, ọ̀rọ̀ ásíìdì ni. Níbi tí ásíìdì bá wà, kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì á yòrò. Níbi tí ásíìdì ò bá tó, wọ́n á dì. Èémí tí a ń mí síta, ásíìdì ló ń gbé jáde, torí kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ọ́sáìdì tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń sọ di ásíìdì. Nígbà tí a bá dúró tàbí tí a bá jókòó, ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóóró, díẹ̀ ló ń dé òkè. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lọ fíìfíì. Gbogbo kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ọ́sáìdì tí ẹ̀jẹ̀ kékeré yẹn bá gbé dé, afẹ́fẹ́ á ti gbá a lọ. Wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ fún Bàbá, nítorí wọ́n ti mọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́: pH, ìyẹn ìwọ̀n tó ń ga bí ásíìdì bá ṣe ń dín kù, lókè pátápátá á tó nǹkan bí 7.51, nísàlẹ̀ 7.39. Lójú, ìyàtọ̀ ọ̀hún ò tó nǹkan. Fún ẹfun tó ń wá ibi tó máa dì sí, ó tó.

Ìyẹn náà ló fà á tí ẹfun yìí fi fẹ́ràn ògiri ikùn àti ara kíndìnrín fúnra rẹ̀, gbogbo ibi tí ara ti ń ti ásíìdì jáde. Ẹ̀rọ wa pàápàá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Báíkábónéètì la fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ kí ásíìdì tó ti pọ̀ jù lè dín kù, ó sì gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí aláìsàn bá dìde lórí àga wa, ásíìdì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré gan-an.

Òkè ẹ̀dọ̀fóóró yẹn kan náà ni kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ fẹ́ràn láti máa gbé, nítorí ọ́síjìn pọ̀ níbẹ̀. Àìsàn méjì tí kò bára tan ló wá ń lo àdírẹ́sì kan. Ẹni tó bá wo fọ́tò lásán, kò lè fi ibi tó wà dá wọn mọ̀.

Ọjọ́ tí èsì láàbù Bàbá dé, wọ́n wà lórí ẹ̀rọ. Mo fún wọn ní ìwé náà, mo lọ dá ẹ̀rọ ẹlòmíràn tó ń ké lóhùn. Nígbà tí mo fi máa padà dé, wọ́n ti dojú rísíìtì dé, wọ́n ti gba bírò lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbálẹ̀, wọ́n sì ń ṣírò lẹ́yìn rẹ̀ lórí itan wọn. Apá òsì ni abẹ́rẹ́ méjèèjì wà, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e, nítorí náà rísíìtì yẹn ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, wọ́n sì ń fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kálísíọ̀mù 10.6. Fọ́sífétì 8.9. Ẹni tó pé, kálísíọ̀mù rẹ̀ máa ń wà láàrin 8.5 sí 10.5, fọ́sífétì láàrin 2.5 sí 4.5. Mo ti sọ fún wọn rí pé àwọn dókítà máa ń fi ọ̀kan sọ ìkejì di púpọ̀, ohun tí wọ́n sì ń ṣe nìyẹn. Wọ́n rí 94.34. Wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

"Èló ló yẹ kó jẹ́?"

Mo ní a kì í fẹ́ kó ju 55 lọ, tó bá sì ti kọjá 70, ẹ̀rù ẹfun ti ń bà wá. PTH wọn wà lórí ìwé kejì: 1,480, nígbà tí ti ẹni tó pé kì í ju 65 lọ. (mg/dL ni láàbù tiwa fi ń wọn kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì. Ẹ̀yin tí láàbù yín ń kọ mmol/L, ẹ má fi nọ́ńbà yín wé èyí. Níbẹ̀, 0.8 sí 1.5 ló dára fún fọ́sífétì, kálísíọ̀mù sì wà láàrin 2.1 sí 2.6.)

Wọn ò tíì ṣetán. Wọ́n ní kí n sọ iye fọ́sífétì tó ń wọlé àti iye tó ń jáde. Mo ní ẹni tó ń jẹun bó ṣe yẹ á jẹ tó 1,000 miligíráàmù lóòjọ́, ó kéré tán, ara á gba bí 600 nínú rẹ̀. Ìfọ̀ kan lórí ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́rin máa ń mú bí 800 jáde, ó lè tó 1,000 tí ohun gbogbo bá lọ dáadáa. Bírò tún gbéra. 600 lọ́nà 7, 4,200 lọ́sẹ̀. Ẹni tó fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, 2,400 ló jáde, 1,800 ṣẹ́ kù. Ẹni tó fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, 3,400 ló ṣẹ́ kù, ọ̀sẹ̀ mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò lè bá a láéláé," wọ́n ní. "Ọmọ JSS1 á rí i."

Kò sóhun tí mo fẹ́ fi kún un, àfi pé fọ́sífétì tún ní ọgbọ́n àrékérekè kan. Ní wákàtí àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á tètè jáde. Èyí tó pọ̀ jù wà nínú ẹran ara àti egungun, díẹ̀díẹ̀ nìyẹn sì ń yọ́ jáde. Tí a bá já aláìsàn kúrò lórí ẹ̀rọ, kò ní pẹ́ tí nọ́ńbà á tún fi gòkè. Torí ẹ̀ ni mo fi ń bá àwọn tó ń bẹ̀ wá pé "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta" jà. Wákàtí tí wọ́n fẹ́ gé yẹn, omi lè má nílò rẹ̀. Fọ́sífétì nílò rẹ̀.

Iye 1,800 tó ṣẹ́ kù lára ẹni tó tiẹ̀ ń fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ni a fi ń fún wọn ní hóró oògùn tó ń di fọ́sífétì mú nínú ìfun kí wọ́n lè yà á dànù. Nílé wa níbí, kálísíọ̀mù kábónéètì ló wọ́pọ̀ jù nítorí owó rẹ̀ ò pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà ti dojú rú nìyẹn. Mo ní kí ìyàwó wọn kó gbogbo oògùn ilé wá. Màmá kó o wá sínú àpò ráńpẹ́ kan tí wọ́n fi ń gbé Bíbélì.

Kálísíọ̀mù kábónéètì wà níbẹ̀. Alẹ́ ni Bàbá ń lò ó, tí wọ́n bá fẹ́ sùn, nígbà tí kò sí oúnjẹ kankan nínú ikùn. Kò sí fọ́sífétì tí hóró yẹn lè dì mú nígbà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀ lọ. Alfacalcidol wà níbẹ̀, irú fítámì D tí kò nílò kíndìnrín, òun náà ń fa kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì wọlé. Hóró jíjẹ fún àyà títa wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísí àdúgbò; kálísíọ̀mù kan náà ni. Nísàlẹ̀ àpò, ìgò ńlá méjì tí ọmọ wọn obìnrin fi ránṣẹ́ láti Manchester: kálísíọ̀mù pẹ̀lú fítámì D, fún eegun tó ń ro Bàbá. Ọ̀nà mẹ́rin, ẹrù kan náà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń ka èyí wà lókè òkun, ẹ sì ń kó irú ìgò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ìfẹ́ ni, kò burú. Ṣùgbọ́n eegun tó ń ro onídayálísíìsì, kì í sábà jẹ́ pé kálísíọ̀mù ò tó nínú oúnjẹ rẹ̀. PTH ló ń họ eegun náà. Tí ẹ bá da kálísíọ̀mù lé e, egungun lè má rí i gbà; ibòmíràn lára ló máa gbà á. Ẹ bi dókítà tó ń tọ́jú wọn kí ẹ tó rà á. Tí ẹ bá fẹ́ fowó yín ṣe nǹkan tó dájú, ẹ san owó ìfọ̀ kan.

Wọ́n lọ ya CT àyà, àwòrán tó ń fi inú ara hàn fínnífínní ju fọ́tò lásán lọ. Fọ́tò lásán kì í tètè rí ẹfun yìí, tó bá sì rí i, kò lè sọ pé ẹfun ni. CT rí àwọn kókó wínníwínní tí ojú wọn ò dán, lókè ẹ̀dọ̀fóóró méjèèjì, bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì, kò sí ihò kankan nínú wọn. Ẹni tó ka àwòrán náà wọn bí wọ́n ṣe le tó, ó rí i pé ẹfun wà nínú wọn. Ó tún kọ gbólóhùn kan tí dókítà wa tọ́ka sí fún mi: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ògiri àyà náà ti dì ní ẹfun. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í ṣe ìyẹn. Wọ́n tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì gbìn ín ní láàbù láti mọ̀ bóyá kòkòrò á hù. Ó gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sì hu nǹkan kan. Dókítà àyà ló wá dá oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ dúró. Kí wọ́n gé ẹran ẹ̀dọ̀fóóró díẹ̀ wò ni ìdánilójú tó ga jù, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ ki abẹ́rẹ́ bọ àyà Bàbá nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù ti fẹnu kò.

Èsì CT yẹn tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Wọ́n fi WhatsApp fi í ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní Manchester, ó rí "metastatic" lókè ìwé, ó sì bú sẹ́kún lórí fóònù, ó ní jẹjẹrẹ ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóóró bàbá òun. Kì í ṣe jẹjẹrẹ o. Wọ́n kàn ń sọ pé ẹfun ti kúrò níbi tó yẹ kó wà ni. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín kí Google tó sọ ọ́ fún wọn.

Ìtọ́jú rẹ̀ ò ní idán kankan. A gba gbogbo kálísíọ̀mù yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn, dókítà dá alfacalcidol dúró, a yí omi ẹ̀rọ sí èyí tí kálísíọ̀mù rẹ̀ kéré. Ọmọ Manchester ń fi sevelamer ránṣẹ́, hóró tó ń di fọ́sífétì mú tí kò ní kálísíọ̀mù nínú, àárín oúnjẹ ni Bàbá sì ń lò ó, kì í ṣe alẹ́. Wọ́n ti ń fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ báyìí. Owó ló jẹ́ kó ṣeé ṣe: ní 2025, ìjọba àpapọ̀ já owó ìfọ̀ kan wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn kan nínú ilé ìwòsàn wọn, Bàbá sì ti ń fọ méjì nínú mẹ́ta lọ́hùn-ún. Mo pàdánù oníbàárà díẹ̀, kò dùn mí. Tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ẹfun inú ẹ̀dọ̀fóóró tí a máa rí á dín kù ju èyí tí oògùn èyíkéyìí lè dín lọ.

Ti oúnjẹ ló le jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí onídayálísíìsì má jẹ ẹran àti ẹja mọ́, ẹ̀rọ ń mú purotéènì jáde lára wọn, ebi á sì pa wọ́n kú kí ẹfun tó dé. Ohun tó yẹ kí wọ́n yàgò fún ni fọ́sífétì tí wọ́n fọwọ́ dà sínú oúnjẹ ní ilé iṣẹ́: kóòkì dúdú, sọ́séèjì, ẹran inú agolo. Ara ń gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìyẹn tán. Ti inú ẹ̀wà ò rí bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń gba inú ìfun kọjá lọ, nítorí náà ìwọ̀nba ẹ̀wà tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n da omi àkọ́kọ́ rẹ̀ nù, kì í ṣe ọ̀tá bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹyin, ẹ jẹ funfun rẹ̀, pupa inú rẹ̀ ló ni fọ́sífétì. Ẹran, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi rẹ̀ nù kí ẹ tó sè é lọ́bẹ̀. Màmá ò fẹ́ gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn rárá. Wọ́n ní ta ló ń da omi ẹran nù, omi ẹran lọbẹ̀! Sàdíìnì ni ìjà ti Bàbá fúnra wọn. Eegun inú rẹ̀ tó rọ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ràn, eegun yẹn sì ni kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì gan-an. A fẹnu kò sí pé kí wọ́n máa yọ eegun rẹ̀. Mi ò gbà pé wọ́n ń yọ ọ́.

Èsì tó dé kẹ́yìn: fọ́sífétì 5.8, kálísíọ̀mù 9.3. Bàbá ti ṣe é kí n tó dé: 53.94. Ikọ́ náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Èémí sàn ju ti tẹ́lẹ̀, kò tíì rí bíi ti ẹni tó pé, dókítà sì ti sọ fún wọn láìfi pa mọ́ pé ẹfun inú ẹ̀dọ̀fóóró lè yọ́ lára ẹlòmíràn, ó sì lè má yọ́ lára ẹlòmíràn. Kíndìnrín tuntun lè ràn án lọ́wọ́. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ ju ti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lọ. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ẹfun wọn ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

PTH ló ṣì le. Ó ṣì ju 1,000 lọ. Dókítà oníṣẹ́ abẹ fẹ́ ṣí ọrùn wọn kó yọ àwọn kókó tó ti tóbi yẹn. Èmi fẹ́ kí wọ́n ṣe é kíákíá. Bàbá ní àfi lẹ́yìn ìgbéyàwó ọmọ ọmọ àwọn nínú oṣù Kejìlá, nítorí àwọn ò ní fi báńdéèjì lọ́rùn ya fọ́tò. Ohun tó máa pa yín lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá yọ kókó náà, egungun tí ebi ti ń pa látọjọ́ yìí á fa kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra lójijì, ó lè lọ sílẹ̀ débi tí iṣan á máa súnkì, a ó sì ní láti fún wọn ní kálísíọ̀mù lọ́pọ̀lọpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ti sọ fún Màmá pé kí wọ́n má tíì da ìgò Manchester nù, kí wọ́n kàn tọ́jú ẹ̀ síbi tí ọwọ́ Bàbá ò ti ní tó o.